Bí alùpùpù ológun àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń mú un pẹ́

Ìdúró ló ń pa alùpùpù ológun àtijọ́ ju ìrìn lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nígbà ogun Hítílà, tó ti la ẹrẹ̀ àti iyanrìn kọjá, lè wà lẹ́yìn ilé kan ní Adó-Èkìtì fún àsìkò òjò méjì péré kí písítìnnì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú sílíńdà. Irú rẹ̀ kan náà tí wọ́n ń gùn lóòrèkóòrè, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bó ṣe yẹ, á ṣì máa jí bí wọ́n bá kíkì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn ológun béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tí ṣọ́jà lè tún ṣe létí ọ̀nà pẹ̀lú sípánà díẹ̀, tí yóò ṣiṣẹ́ bí bátìrì tilẹ̀ kú, tí kò sì ní máa ṣa epo lò. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

BSA M20 ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ìlú Birmingham ni wọ́n ti ṣe é, èyí tó jáde sì lé ní 120,000 kí ogun tó parí. Kì í ṣe òun nìkan ló wà: àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ní Norton 16H àti Matchless G3/L, Amẹ́ríkà ní Harley-Davidson WLA, Jámánì sì ní BMW R75 tó ń gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn àti táyà ẹ̀gbẹ́ pọ̀, tó sì ní jíà tí wọ́n fi ń rífáàsì. M20 wà lára àwọn tó rọrùn jù. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, 496 cc, agbára ẹṣin 13. Boxer 150 tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn ní Ìkẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba lágbára, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti M20.

Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ló fa agbára kékeré yẹn. Fáfù M20, èyí tó ń ṣí tó sì ń sé ọ̀nà epo àti èéfín, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, kò sí lókè rẹ̀ bíi ti alùpùpù òde òní, afẹ́fẹ́ àti epo tó bá sì wọlé, písítìnnì kì í fún un kọjá ìlọ́po márùn-ún. Ti òde òní ń fún un dé ìlọ́po mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífún díẹ̀ yìí ló jẹ́ kí M20 lè lo bẹntiróòlù tí kò dára láìsí pé ẹ́ńjìnnì ń lu kọ̀ngọ̀kọ̀ngọ̀. Nígbà ogun, epo tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń lò. Ohun tó ń bá a rìn ni ooru. Ẹ̀gbẹ́ irin sílíńdà gan-an ni èéfín gbígbóná ń gbà jáde, atẹ́gùn ìrìn nìkan ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Fájuyì lọ́jọ́ ọjà, atẹ́gùn yẹn kò sí. Kí ẹni tó ń gùn ún pa á, kó sì dúró de ọ̀nà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mágínẹ́tò, ẹ̀rọ kékeré tó ń dá iná pulọ́ọ̀gì, ni ibi tó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wò jù lọ. Òòfà kan wà nínú rẹ̀, láàárín òòfà náà sì ni irin kan wà tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ lára: wáyà tó nípọn nísàlẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, irin yìí náà ń yí, iná mànàmáná á sì máa ṣàn nínú wáyà tó nípọn. Nígbà tí iná náà bá lágbára jù, ojú irin kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì á já kúrò lára ara wọn. Iná tó ń ṣàn á dúró lójijì, ìdúró òjijì yẹn á sì ti iná tó ga gan-an jáde nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló ń fò lẹ́nu pulọ́ọ̀gì. Bátìrì kò bá wọn dá sí i rárá. Bátìrì fóòtì 6 tó wà lára M20, ti iná lílò àti họ́ọ̀nù ni, dáínámò ló sì ń ṣáàjì rẹ̀. Ó lè kú pátápátá kí alùpùpù ṣì gbé èèyàn láti Ìkọ̀lé dé Adó ní ojúmọmọ. WLA ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì àti kọ́ìlì ni tirẹ̀ ń lò.

Àìsàn kan wà tí mágínẹ́tò àtijọ́ máa ń ní, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀ lásán. Alùpùpù á jí dáadáa láàárọ̀, á rìn fún bí ìdajì wákàtí, á wá kú. Wọ́n á kíkì í títí, kò ní jí. Bó bá tutù tán, á tún jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Epo kọ́ ló fà á. Ohun tí wọ́n fi bo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú mágínẹ́tò ti gbó, ooru á mú un rọ̀, iná á sì máa jò gba ibi tí kò yẹ. Tàbí kó jẹ́ kọńdẹ́ńsà, ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ló ti bàjẹ́. Àwọn tó ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò iná ní Adó lè tún wáyà yìí wé, bí wọ́n bá rí wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, tí wọ́n sì mú sùúrù ka iye ìgbà tí wọ́n wé ti àkọ́kọ́ kí wọ́n tó já a kúrò.

Jíjí rẹ̀ náà ní ètò. Wọ́n á ṣí ẹnu epo lábẹ́ táǹkì, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kékeré orí kábúrétọ̀ títí epo á fi jò síta díẹ̀. Ọwọ́ kékeré kan wà lórí áńdù tó ń yí àsìkò tí iná máa ń já; òun ni wọ́n á fà sẹ́yìn, kí iná má yára. Òmíràn ń ṣí fáfù èéfín kí písítìnnì lè lọ sókè láìsí ìdíwọ́. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ rọra wá ibi tí písítìnnì ti kọjá òkè díẹ̀, wọ́n á ju ọwọ́ náà sílẹ̀, wọ́n á wá fi gbogbo ara kíkì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé láti fa àsìkò iná sẹ́yìn, iná á já kí písítìnnì tó dé òkè, kíkì á sì ta padà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè ṣẹ́ kókósẹ̀. Ẹ má ṣe fi sálúbàtà kíkì M20.

Ọ́ìlì rẹ̀ kì í gbé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Táǹkì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Pọ́ǹpù kan ń rán an wọlé, ẹnu pọ́ǹpù kejì ń fà á padà. Bí alùpùpù bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì á rọra jò gba inú pọ́ǹpù sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò mọ̀ á ṣí táǹkì, á rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, á bu òmíràn kún un, ọ́ìlì á sì di àpọ̀jù. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbà á sínú abọ́, kí wọ́n tó kíkì. Bó bá jí, kí wọ́n yọjú wo inú táǹkì: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa tú padà wọlé níbẹ̀. Bí kò bá tú padà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n pa á kíá. SAE 40 tó wà káàkiri dára fún ooru ilẹ̀ wa. Àmọ́ ọ́ìlì òde òní máa ń fọ ìdọ̀tí, M20 kò sì ní ju àsẹ́ wáyà lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti pẹ́ tí wọn ò tú u, kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbẹ̀dẹ̀gbẹ́dẹ̀ inú rẹ̀, kí ọ́ìlì tuntun má lọ gbé e dí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ́ bíárì.

Nínú gígùn rẹ̀, ewu tó tóbi jù fún ọmọ Èkìtì ni pé ẹsẹ̀ yí padà. Ọ̀kadà ní jíà lẹ́sẹ̀ òsì, bíréèkì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ti M20 jẹ́ òdìkejì: jíà wà lọ́tùn-ún, bíréèkì lósì. Bí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún á sáré tẹ jíà dípò bíréèkì. Pápá ilé ìwé lọ́jọ́ ìsinmi ni kí wọ́n ti fi kọ́ ẹsẹ̀, títí yóò fi mọ́ ọn lára, kí wọ́n tó gbé e dé títì. WLA tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí jíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yìn M20 kò ní ṣọ́kù. Sípíríìnì abẹ́ ìjókòó nìkan ló ń gba kòtò fún ẹni tó gùn ún. Bíréèkì rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wúwo ju kílò 160 lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn òkè Ẹfọ̀n-Aláayè sí ìhà Ìtawúrẹ́, jíà kejì tàbí ìkẹta ló yẹ kó dá a dúró, kí bíréèkì kàn máa ràn án lọ́wọ́. Bíréèkì tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan tó o.

Títún un ṣe ló ń ba èyí tó pọ̀ jẹ́. Nọ́ọ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í ṣe ti mìlímítà. Sípánà 12, 14 àti 17 tó wà nínú àpótí gbogbo mẹkáníìkì á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, á sì jẹ igun rẹ̀. Bóòtù ọ̀kadà tí wọ́n bá fipá rọ́ wọ inú ihò rẹ̀ á jẹ ìlà wíwé inú ihò náà tán. Sípánà Whitworth, ti ìwọ̀n ínǹṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ló yẹ kí wọ́n wá. Ní ìpínlẹ̀ tí Ìrè wà, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ògún Onírè, kò yẹ kí irin jìyà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Àwọ̀ ewé ni M20 ní níbẹ̀rẹ̀ ogun. Ní 1942, nígbà tí èròjà àwọ̀ ewé wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ ilẹ̀ kùn ún. Ní 1944, wọ́n yí i sí àwọ̀ ewé tó dúdú tó jọ ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi sáńpépà tó kúnná rọra ha ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì lè rí àwọn ìpele yìí, kó tún rí nọ́ńbà ológun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C. Ẹni tó bá gbé e fún àwọn tó ń fi iyanrìn fọ irin ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárín wákàtí kan. Kúróòmù dídán náà kò yẹ ẹ́, nítorí lákòókò ogun ọ̀dà ni wọ́n fi kun ohun tí wọn ì bá fi kúróòmù bò.

Kánfáàsì tó wà lọ́wọ́ áńdù àwọn kan tún sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Japan gba Màláyà (tó wà nínú Màléṣíà òde òní) àti Singapore lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, orísun rọ́bà ńlá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kánfáàsì rọ́pò rọ́bà lọ́wọ́ áńdù, irin lásán sì di ìtẹ̀sẹ̀. Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n yíjú sí fún rọ́bà, ọmọ wa sì wà nínú àwọn ṣọ́jà tó lọ bá Japan jà ní Bọ́mà. Ẹni tó bá yọ kánfáàsì yẹn dànù kó lè fi rọ́bà tuntun sí i ti ju ẹ̀rí ìtàn tiwa náà nù. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n so ìwé mọ́ ọn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, bó tilẹ̀ ti kán. Àwọn tórúnà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, lè fi èyí tó kán ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ tuntun. Nọ́ńbà ara irin àti ti ẹ́ńjìnnì, tí WM20 ṣáájú rẹ̀ lára èyí tí wọ́n ṣe nígbà ogun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì kàn án. Òun ló bá ìwé ọkọ̀ mu.

Bí òjò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní lè gùn ún, kí wọ́n fa bẹntiróòlù inú kábúrétọ̀ gbẹ, nítorí èyí tó bá gbẹ síbẹ̀ á di ohun tó ń lẹ̀, á dí ojú ihò. Kí wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí wọ́n dá pulọ́ọ̀gì padà. Kí igi wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí táyà má bàa tẹ ilẹ̀ tútù. Aṣọ òwú ni kí wọ́n fi bò ó; nílọ́ọ̀nù á sé ọ̀rinrin mọ́ ọn lára, ìpáàrà á sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n tún yí ẹ́ńjìnnì náà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ nu ibi tó bá ti ń pọ́n.