Áàpù tó ń yẹ èrìgì wò: ibo ni ojú fóònù lè rí dé?

Bí ẹ bá ń fọ eyín láàárọ̀, yálà orín tí ẹ rà ní Ọjà Ọba ni o tàbí búrọ́ọ̀ṣì, tí ẹ tutọ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má tètè dá orín lẹ́bi. Èrìgì, ìyẹn ẹran tó di ìdí eyín mú, ló ṣeé ṣe kó máa ṣàìsàn. Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, tí kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀, ló sábà máa ń mú un wú. Bó bá mọ síbẹ̀, ìtọ́jú á wò ó sàn. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè wọlẹ̀ lọ máa jẹ egungun tó gbé eyín dúró, títí eyín á fi máa mì.

Áàpù tó wà fún un ń ṣe báyìí: ẹ ya ẹnu yín ní fọ́tò, ẹ̀rọ á fi í wé ọ̀pọ̀ àwòrán èrìgì tí àwọn dókítà eyín ti sàmì sí. Òmíràn á béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú: ṣé ẹnu ń rùn? Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ? Ṣé ẹ ń mu sìgá?

Àmọ́ òde ni fọ́tò ń rí. Ikán tó wà nínú òpó, ẹni tó dúró lójú títì kò lè rí i. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà máa ń tì bọ àárín eyín àti èrìgì láti wọn bó ṣe jìn tó: mìlímítà 1 sí 3 kò burú, láti 4 lọ sókè ni wàhálà ti lè wà. Ẹ́síréè ló sì ń fi egungun hàn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà ńbẹ̀. Èrìgì ọ̀pọ̀ wa dúdú láti ilẹ̀ wá, pípọ́n kì í hàn lára rẹ̀ bó ṣe ń hàn lára èrìgì pupa. Áàpù tó jẹ́ pé èrìgì pupa nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ lè ṣì wá kà. Amusìgá ńkọ́? Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má jáde rárá, kí àrùn sì ti dé egungun.

Ìdí nìyí tí ìdáhùn “kò sí nǹkan” fi ń bà mí lẹ́rù ju “ó wà” lọ. Bí áàpù bá ní ó wà, ará Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè tètè wá owó ọkọ̀ lọ bá dókítà eyín ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ tọ́jú àwọn fọ́tò náà, ẹ fi hàn án. Bí eyín bá ti ń mì tàbí ọyún ń jáde, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀, ẹ máa lọ.