Koropo: kí ló dé tí ohun tó ń hù fúnra rẹ̀ fi ń kọ̀ tí a bá gbìn ín?

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kò sí ẹni tí koropo, ewéko kékeré tí èso rẹ̀ máa ń wà nínú àpò, ṣàjèjì sí. Ó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń hù lórí ààtàn, ó ń hù láàárín ẹ̀gẹ́ àti ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà. Àwọn ọmọdé máa ń já àpò èso rẹ̀, wọ́n á gbá a mọ́ iwájú orí kó lè dún. Àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn, èpò ni wọ́n kà á sí, ọkọ́ ni wọ́n sì fi ń kí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì dìídì gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́. Láti ìgbà tí àwọn aládùúgbò ti rí i ni ìbéèrè ti ń wọlé wá. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, koropo tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ń hù lórí ààtàn wa. Èmi ra ike, mo wá ilẹ̀dú, mo gbin hóró rẹ̀, kò sí èyí tó yọ. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ rì í mọ́lẹ̀ jù. Hóró koropo kéré gan-an, ó sì wà lára àwọn hóró tí ìmọ́lẹ̀ ń jí. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ààtàn tàbí nínú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Ọkọ́ yí ilẹ̀ padà, hóró tó ti sùn nísàlẹ̀ wá sókè, oòrùn rí i, òjò rọ̀ sí i, ilẹ̀ gbóná lọ́sàn-án ó sì tutù lóru. Ìgbà náà ló máa ń hù. Ẹni tó bá fi ìka dá ihò, tó ju hóró sí i, tó sì fi ilẹ̀ dí i bí àgbàdo, ó ti gba gbogbo èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rin ilẹ̀ inú ike náà kó tutù dáadáa. Ẹ wọ́n hóró sójú rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bò ó, iyanrìn tí ẹ jọ̀ sórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó. Ẹ má da omi lé e lórí o, ńṣe ni omi á kó gbogbo rẹ̀ jọ sí igun kan. Ẹ máa fi ọwọ́ wọ́n omi sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ. Òmíràn á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1, òmíràn á tó ọ̀sẹ̀ 3, nítorí náà ẹ má tètè da ike náà nù.

Hóró fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ ìṣòro. Èso tí kò pọ́n ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú hóró inú rẹ̀. Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́ sínú ife omi, kí ẹ fi ìka pò ó. Ẹran ara èso á léfòó, àwọn hóró tó dára á rì sí ìsàlẹ̀, wọ́n pẹlẹbẹ, àwọ̀ wọn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi omi mìíràn ṣàn án, kí ẹ sá àwọn hóró náà sórí àwo nínú ibòji. Èso kan ṣoṣo máa ń ní hóró tó pọ̀ ju èyí tí ilé kan nílò lọ.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n gbìn ín, irú ilẹ̀ wo ló sì fẹ́?

Ìdáhùn: Àkọ́rọ̀ òjò ló dára jù, láti oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ẹni tí ìyẹn bá kọjá lórí rẹ̀ tún lè gbìn ín nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ọ̀dá oṣù kẹjọ. Láàárín oṣù 2 sí 3 tó bá ti hù, ó yẹ kí ẹ ti máa rí èso.

Ní ti ilẹ̀, ó ń gbà á bó ṣe bá a. Etí ọ̀sà ní iyanrìn tí kì í gba omi dúró, nítorí náà ẹ po ilẹ̀dú tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Ilẹ̀ pupa tó wà lókè, lápá Ìtòìkín, máa ń le tí òjò bá dá. Ẹ kàn tú u kó rọ̀. Ohun tí koropo kò fẹ́ ni kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Tí ewé rẹ̀ bá ti tó 4 sí 6, ẹ ṣí i lọ sí ibi tí oòrùn ti ń tàn jù, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ìbéèrè: Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Omi tí wọ́n fi fọ ẹja ni mo ń dà sí ìdí tèmi. Ó ga, ewé rẹ̀ dú, àmọ́ kò so.

Ìdáhùn: Omi ẹja náà ni. Oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, tí koropo bá sì rí i jẹ lójoojúmọ́, ewé ni yóò máa ṣe. Ẹ dá a dúró. Bí ẹ bá fún un ní ajílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó, ó ti tó. Ẹ fi omi ẹja náà fún ṣọkọ̀ àti tẹ̀tẹ̀, àwọn tí ewé wọn là ń jẹ. Ẹ sì wo ibi tí ẹ gbìn ín sí: koropo tó wà lábẹ́ ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa ń ga láìso.

Ìbéèrè: Mo rí àpò tó ti tóbi, mo ṣí i, òfìfo ni. Ṣé kòkòrò ló ti jẹ ẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ẹ máa rí ihò lára àpò náà. Tí kò bá sí ihò, tí àpò ṣì tutù tó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ kánjú ni. Ẹ tún un wò dáadáa nísàlẹ̀ ibi tó ti so mọ́ igi rẹ̀: ẹ máa rí nǹkan róbótó kékeré kan níbẹ̀. Èso náà nìyẹn, kò tíì dàgbà ni.

Àpò yẹn kì í ṣe èèpo èso. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún tó gbé òdòdó dání ló di àpò. Lára ata àti tòmátì, tí wọ́n jẹ́ ẹbí koropo, àwọn ewé yẹn kì í kúrò ní bíńtín. Òun lẹ máa ń já kúrò lórí tòmátì kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ti koropo kì í dúró bẹ́ẹ̀. Gbàrà tí òdòdó bá ti rọ̀, tí èso sì ti fẹ́ẹ́ mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í nà, wọ́n á wú, wọ́n á sì pa ẹnu pọ̀ mọ́ èso nínú bíi fìtílà. Àpò ń sáré dàgbà ṣáájú, èso ń tẹ̀ lé e ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kún un.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí. Ní ọdún 2005, Chaoying He àti Heinz Saedler, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Max Planck ní ìlú Cologne ní Jámánì, sọ pé jíìnì kan (ìyẹn àṣẹ inú ara ewéko tó ń darí bó ṣe ń dàgbà) tí wọ́n ń pè ní MPF2 wà lára ohun tó ń mú àpò náà wú, àmọ́ ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà ta kò ó. Ní 2017, wọ́n tẹ ìròyìn jáde nípa àpò irú èyí tó ti di òkúta, tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ Patagonia ní Ajẹntínà. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún 52, ìlà ara àpò náà ṣì hàn kedere. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mi ò lè fi ọkọ́ ge koropo mọ́ láìkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má já a. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpò tó ti tó àkókò máa ń gbẹ, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ á yí sí bí ìwé àtijọ́, á sì máa dún ṣàkàṣàkà lọ́wọ́. Ẹ la ẹnu rẹ̀: èso inú rẹ̀ á ti kúrò ní àwọ̀ ewé, á ti ń pọ́n, ara rẹ̀ á máa dán. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Èyí tó bá ṣì korò lẹ́nu kò tíì gbó, ẹ tu ú.

Mo máa ń tẹ́ àpò ìrẹsì tó ti ṣófo sí abẹ́ igi rẹ̀, kí èso má bàa kan ilẹ̀ tútù. Láàárọ̀ ni kí ẹ lọ ṣà á, kí adìyẹ tó jí dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá bọ́ àpò náà, tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní májèlé ni. Òótọ́ ni àbí irọ́?

Ìdáhùn: Èso tó pọ́n kì í ṣe májèlé, àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n èso tútù tí kò pọ́n, ewé rẹ̀ àti àpò rẹ̀ ní èròjà olóró nínú, irú èyí tó wà nínú pòtétò tó ti yí sí àwọ̀ ewé. Ó lè fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọdé ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Ẹ kọ́ wọn pé èyí tó bọ́ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Bí ọmọ bá jẹ tútù tó sì ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má fi epo pupa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nílé.

Àwọn kan tún béèrè nípa àgbo. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ń lo ewé koropo, mi ò sì ní fojú di ìmọ̀ wọn. Àmọ́ mi ò ní kọ ìwọ̀n àgbo fún ẹnikẹ́ni, pàápàá aboyún àti ọmọ ọwọ́. Ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó mu ún.

Ìbéèrè: Ibi tí tòmátì mi ti kú ni mo fẹ́ gbìn ín sí. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹbí kan náà ni koropo, tòmátì, ata, ìkàn àti tábà. Ọ̀pọ̀ àrùn tó ń pa ọ̀kan ló ń pa èkejì, àwọn aràn tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń sọ gbòǹgbò di kókó sì máa ń dúró sínú ilẹ̀ láti dúró de ẹbí náà. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀ ná, kí ẹ mú koropo lọ síbòmíì. Fún kòkòrò tó ń fa omi ewé, ẹ wo abẹ́ ewé lọ́wọ́ àárọ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Tata ni kí ẹ fi ọwọ́ mú.

Ìbéèrè: Ṣé òun náà ni èso olówó iyebíye inú àpò tí wọ́n ń tà ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá l'Ékòó?

Ìdáhùn: Ẹbí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilẹ̀ òkè Peru ni ìyẹn ti wá, ewé rẹ̀ nírun, ibi tó tutù ló sì fẹ́. Tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Physalis angulata, ní ewé tó ń dán, ó sì gba oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lòun náà ti wá o, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́, ata àti àgbàdo. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ní orúkọ nílé gbogbo.

Ẹ kíyè sí ewéko kan tó jọ ọ́ ṣá: ako ejìnrìn. Àpò òun náà wú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fà, ó ń lọ́ mọ́ igi, kò sì sí èso rírọ̀ nínú rẹ̀, hóró dúdú ló wà níbẹ̀. Èyí kì í ṣe jíjẹ.

Ìbéèrè: Tí mo bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ṣé kò ní gba gbogbo ọgbà mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Yóò gbìyànjú. Èso tí ẹ kò bá ṣà ni yóò hù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ máa ṣà á lójoojúmọ́, àwọn tó bá sì yọ níbi tí ẹ kò fẹ́, ẹ fà wọ́n tu nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, gbòǹgbò wọn kì í le nígbà náà. Ẹ fi 2 tàbí 3 tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ ṣí wọn lọ sórí ebè tí ẹ ti tọ́jú. Àwọn tó hù fúnra wọn yìí sábà máa ń so ju àwọn tí a gbìn sínú ike lọ, nítorí gbòǹgbò wọn ti mọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.