Ilé Onírin: Ibi Tó Fara Sin Ni Kí Ẹ Bi Wá Léèrè

Ìbéèrè tí mo sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fi irin ṣe egungun ilé rẹ̀ ni pé, "Ṣé àrá ò ní sán pa wá?" Rárá o. Bí a bá so irin náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣe ló máa ń sin iná àrá wọlẹ̀. Ikán náà ò sì lè fi ṣe oúnjẹ.

Ohun tó mú kí àwa ayàwòrán-ilé fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìtì irin lè na láti ògiri dé ògiri láìsí òpó láàárín, kí gbogbo iwájú ilé sì jẹ́ gíláàsì. Irú rẹ̀ ni ayàwòrán-ilé Ludwig Mies van der Rohe kọ́ sí ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ilé Farnsworth tí wọ́n parí ní 1951. Arẹwà ilé ni, àmọ́ nígbà òtútù, omi a máa sẹ̀ sára gíláàsì rẹ̀.

Omi yẹn gan-an ni mò ń bọ̀ wá bá. Irin ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tó ju 300 lọ sí ti igi. Òpó irin tó bá kan ògiri ìta, tó tún kan ti inú, ti di afárá tí ooru ń gbà kọjá nìyẹn. Bí ìta bá tutù, irin á tutù, ọ̀rinrin inú yàrá á sì di omi sí i lára lẹ́yìn ògiri. Lójú tèmi, ó burú ju òjò lọ, torí òrùlé tó ń jò, gbogbo ayé ló ń rí i. Nítorí náà, ohun tó ń dí ooru gbọ́dọ̀ bo irin láti ìta. Èyí tí wọ́n kì sáàárín òpó nìkan kò tó.

Síńkì tí wọ́n fi bo irin ló ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti fi iná jó irin pọ̀, síńkì ibẹ̀ ti jóná. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fi ọ̀dà onísíńkì kùn ún padà.

(Bí ẹ bá gbọ́ "kẹ̀ẹ̀" lókè àjà lálẹ́, kì í ṣe iwin. Ìtì tó gùn ní mítà 10 máa ń sún kì nígbà tó bá tutù, bíi mìlímítà 3.6 bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 30°C lọ sílẹ̀.)

Iná wá ńkọ́? Irin kì í jó, àmọ́ ó ń rọ̀. Tí ó bá gbóná tó 600°C, agbára tó kù sí i lára kò tó ìdajì mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi pátákó jípúsọ́ọ̀mù (èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun ṣe) bò ó: omi wà nínú pátákó náà, iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á gbẹ kó tó ráyè kan irin. Ihò tí wọ́n lu sára pátákó yìí fún wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n dí i, kí n tó wo ọ̀dà ògiri.