Ọgbà ìgbafẹ́ tí èrò kún: ṣé ilẹ̀ ló kéré ni?

Lọ́jọ́ kejì Iléyá ní Ìlọrin, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ àwọn ọmọdé kì í gbẹsẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa já àwọn ọmọ sílẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, aṣọ tuntun lọ́rùn wọn, owó ọdún lọ́wọ́ wọn. Nínú lọ́hùn-ún, ìlà ìdí jangilófà á ti gùn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ásìkiríìmù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn òbí: ibí yìí ti kéré jù, ó yẹ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, ohun tó fojú rí ló sọ. Àmọ́ ilẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń mú kí ọgbà kún. Iye èèyàn tí eré kọ̀ọ̀kan lè gbé láàárín wákàtí kan ló ń pinnu bí ìlà ṣe máa gùn tó.

Ẹ wo ìyá alákàrà nínú oṣù ààwẹ̀, nígbà tí Màgàríbà ń sún mọ́lé. Ká ní agbada rẹ̀ gba àkàrà 24 lẹ́ẹ̀kan, tí ìṣẹ́jú 6 sì tó láti dín wọn. Àkàrà 240 nìyẹn ní wákàtí kan. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ra 6, èèyàn 40 ló lè tà fún. Bí èèyàn 60 bá dé láàárín wákàtí náà, 20 á ṣì wà lórí ìdúró, bí 60 mìíràn bá sì tún dé ní wákàtí kejì, àwọn tó ń dúró á di 40. Ó lè tẹ́ bẹ́ńṣì márùn-ún sí i kí wọ́n rí ibi jókòó. Ẹsẹ̀ wọn á sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkàrà ò ní torí bẹ́ńṣì tètè jiná.

Bí ọgbà ìgbafẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ká ní jangilófà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ọmọ 8, tí ìyípo kan sì ń gba ìṣẹ́jú 4, àti gígùn àti sísọ̀kalẹ̀. Ìyípo 15 ni yóò wà ní wákàtí, ìyẹn ọmọ 120 lórí ọ̀kan, 360 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọmọ 600 bá wà nínú ọgbà lọ́jọ́ Iléyá, ẹni tó bá gùn ún tán yóò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 100 kó tó tún kàn án.

Olówó ọgbà wá ra pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ta kánópì síbẹ̀, ó to àga sábẹ́ rẹ̀. Ọgbà ti fẹ̀, ó gba ọmọ 900 báyìí, jangilófà ò sì ju mẹ́ta náà lọ. Ìdúró di ìṣẹ́jú 150. Owó tó wọlé lẹ́nu géètì pọ̀ sí i, ọgbà tóbi, àwọn ọmọ sì wá dúró pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bó bá fi owó náà ra jangilófà méjì kún mẹ́ta dípò pulọ́ọ̀tì ńkọ́? Márùn-ún á gbé ọmọ 600 ní wákàtí. Ká ní àwọn ọmọ 600 àkọ́kọ́ yẹn náà ló wá, ìdúró ì bá dín kù sí ìṣẹ́jú 60. Ṣùgbọ́n ìròyìn eré tuntun kì í jókòó sójú kan. Á dé Tankẹ̀, á dé Gàǹmọ̀, á dé Ọ̀ffà, ọmọ 900 ni yóò sì dé. Ìṣẹ́jú 90 ni wọn yóò fi dúró. Nínú ìṣẹ́jú 40 tí owó tuntun yẹn yẹ kó yọ kúrò, 10 péré ló yọ, èrò tuntun ti jẹ ìyókù.

Ibì kan tí wọ́n ti fi owó ńláńlá dán èyí wò ni ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland, nílùú Anaheim, ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955 ni Walt Disney ṣí i, lórí ilẹ̀ éékà 160 tó jẹ́ oko ọsàn tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olótẹ́ẹ̀lì fi kọ́lé yí i ká, tí ọgbà ò fi ríbi yà sí mọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ló mú kí iléeṣẹ́ rẹ̀ yọ́ kẹ́lẹ́ ra ilẹ̀ tó lé ní éékà 27,000 ní Florida, láìjẹ́ kí àwọn onílẹ̀ mọ ẹni tó ń rà á, kí owó má baà fò sókè. Ọgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1971, ìkejì ní 1982, ìkẹta ní 1989, ìkẹrin ní 1998. Ilẹ̀ ò wọ́n wọn rárá, síbẹ̀ ìlà ò tíì tán níbẹ̀ títí dòní.

Ní Anaheim, ibi tí wọ́n ti ń gbé mọ́tò sí ni wọ́n sọ di ọgbà kejì ní 2001, kí èrò lè pín sí méjì. Èrò ò pín bí wọ́n ṣe rò. Àwọn èèyàn ṣì ń rọ́ lọ sí ti àtijọ́, nítorí pé eré tó wà nínú ọgbà tuntun ò dùn mọ́ wọn. Ó di ìgbà tí wọ́n tún ná owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sí i, tí wọ́n parí iṣẹ́ ní 2012, kí èrò tó máa wọ́ lọ síbẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ti gbìyànjú àtilu ìlà fúnra rẹ̀ pa pẹ̀lú. Ní 1999 wọ́n gbé FastPass jáde: èèyàn á gba ìwé kékeré tí wọ́n kọ àkókò sí, á lọ rìn kiri, á padà wá nígbà tó bá kàn án. Ó dára létí. Àmọ́ eré yẹn ò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé èèyàn kan sí i. Ẹni tí wọ́n yọ kúrò lórí ìlà ti bọ́ sójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà sì kún. Ẹni tí kò rí ìwé gbà, ìlà tirẹ̀ wá ń falẹ̀ sí i, nítorí wọ́n ń ti oníwèé síwájú rẹ̀. Láti 2021, owó ni wọ́n ń gbà fún irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Èyí kò dára tó, nítorí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó ló ń fi àkókò rẹ̀ san gbèsè ọmọ olówó.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Disneyland ní 2019 ló sàn jù. Kí wọ́n tó ṣí apá tuntun kan lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n ti fẹ ojú ọ̀nà inú ọgbà, wọ́n fòfin de kẹ̀kẹ́ ọmọ tó bá tóbi jù, wọ́n sì ní kí àwọn tó fẹ́ dé apá tuntun yẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀. Èrò ọdún náà ò tó èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìlú Anaheim tún fọwọ́ sí i pé kí iléeṣẹ́ náà tún ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tò, kó sì ná ó kéré tán bílíọ̀nù 1.9 dọ́là láàárín ọdún 10. Ilẹ̀ àtijọ́ náà ni, ìlò rẹ̀ ló yí padà.

Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé fífẹ̀ ni dandan. Ẹnu ọ̀nà ni àkọ́kọ́. Bí èèyàn bá ti tó márùn-ún nínú mítà kan níbùú lóòró, kò sẹ́ni tó lè darí ara rẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá tì wọ́n díẹ̀ lẹ́yìn, ó lè gbé ẹni tó wà níwájú ṣubú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi àpèjọ ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọgbà tó bá ń gba ọmọdé wọlé, tí géètì kan ṣoṣo wà fún àtiwọlé àti àtijáde, kò gbọdọ̀ ra ohun ìṣeré kankan kó tó dá géètì kejì sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà.

Lẹ́yìn géètì, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibòji àti iná ló kàn. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì gba ìṣẹ́jú 12 kó tó dáhùn, ìyípo mẹ́ta ti sọnù lórí jangilófà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọmọ 72 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí pulọ́ọ̀tì tó lè dá wọn padà.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ìṣẹ́jú 4 yẹn fínnífínní. Ìṣẹ́jú 2 ni jangilófà fi ń yí. Ìṣẹ́jú 2 yòókù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí rẹ̀ ló ń fi gbowó. Ìyá kan na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i, kò ní ṣéńjì, ó ké pe ẹnìkejì rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ kan ń sunkún lórí àtẹ̀gùn, kò fẹ́ gùn ún mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà á lọ́wọ́. Àga méje ti kún, ọ̀kan ṣófo, gbogbo ìlà dúró. Bí wọ́n bá gbé tábìlì kan sítòsí géètì, tí ẹnì kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ti ń to ọmọ mẹ́jọ tó kàn kalẹ̀ kí jangilófà tó dúró, ìyípo á di ìṣẹ́jú 3. Ọmọ 160 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé ní wákàtí, 480 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ 600 ọjọ́ Iléyá yẹn, tí wọ́n ń dúró fún ìṣẹ́jú 100, á dúró fún ìṣẹ́jú 75, lórí ilẹ̀ àtijọ́ náà, pẹ̀lú owó tábìlì kan àti owó iṣẹ́ èèyàn méjì.