Omi tútù kì í mú fàdákà le

Ẹni tó bá ti dúró nítòsí ẹwìrì rí mọ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń mú ojú àdá le: á fi í síná títí yóò fi pọ́n, á sì rì í bọ omi, ṣàà! Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé bí fàdákà náà bá gba iná tó sì gba omi, á le. Irọ́ ni. Rírọ̀ ló máa rọ̀. Ohun tí àwọn tó ń lu fàdákà sì ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ti ń ṣagídí lábẹ́ òòlù.

Irin àdá ní kábọ́ọ̀nù nínú. Bó bá gbóná dáadáa, ètò átọ́ọ̀mù rẹ̀ á yí padà. Bí omi bá pa á lójijì, kábọ́ọ̀nù á há sínú rẹ̀, irin á sì gan. Ètò átọ́ọ̀mù fàdákà kì í yí padà títí yóò fi yọ́.

Iṣẹ́ bàbà ló wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Fàdákà tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ 925 sí lára jẹ́ fàdákà ìdá 92.5 nínú 100; bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Bí ooru bá tó nǹkan bí 750 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bàbà á yòrò sínú fàdákà. Omi tútù ni kì í jẹ́ kó ráyè jáde mọ́, fàdákà á wá rọ̀. Ẹ wá dá a padà sínú ooru 300 péré fún bíi wákàtí kan: bàbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù jọ ní kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, á sì máa dènà átọ́ọ̀mù tó fẹ́ yọ̀ lórí ara wọn. Ibẹ̀ ni líle ti ń wá, kì í ṣe inú omi. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, bàbà á ṣù tóbi, fàdákà á sì tún rọ̀.

Fàdákà 999, ìyẹn èyí tó jẹ́ fàdákà ìdá 99.9 nínú 100, ńkọ́? Kò ní bàbà tó máa ṣù jọ, nítorí náà iná kò lè mú un le, àfi òòlù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe bàbà inú 925 ní ayédèrú o. Ní 1697, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí ohun èlò fàdákà jẹ́ ìdá 95.8, kí àwọn èèyàn má baà máa yọ́ owó fàdákà fi ṣe é. Fàdákà yẹn rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì tún gba 92.5 láyè ní 1720.

Bí òrùka bá ti ní ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, ooru 750 lè yọ́ ibẹ̀. Ti 300 nìkan ló kù fún un, bí kò bá sí òkúta iyebíye lórí rẹ̀.