Bí wọ́n ṣe ń gba ojú omi mú ẹlẹ́wọ̀n wọ Traitors' Gate ní London

Ọba ni wọ́n kọ́ ẹnubodè yìí fún. Láàárín 1275 sí 1279, Ọba Edward Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún odi Tower of London, ilé olódi ọba tí wọ́n tún ń fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n, jáde wọnú odò Thames. Ó kọ́ ilé ìṣọ́ St Thomas's Tower sí etí omi, ó ṣe yàrá tirẹ̀ sí òkè, ó sì ṣe ẹnubodè ńlá sí ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ ọba lè máa gba orí omi wọlé tààrà. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kó tó di ohun tí wọ́n ń pè ní Traitors' Gate, Ẹnubodè Àwọn Ọ̀dàlẹ̀.

Westminster, níbi tí wọ́n ti ń dájọ́, wà lápá òkè odò náà. Ẹni tí wọ́n bá sì fẹ̀sùn kàn pé ó dìtẹ̀ mọ́ ọba, èèyàn ńlá ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó lérò lẹ́yìn. Bí wọ́n bá mú un gba ìgboro kọjá, àwọn èèyàn rẹ̀ lè dá ẹ̀ṣọ́ lọ́nà, kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Láàárín omi, ta ni yóò sún mọ́ ọn?

Àmọ́ odò náà ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń ti Thames kún, tí ó sì tún ń fà. Afárá London àtijọ́ wà lójú ọ̀nà, àwọn òpó rẹ̀ sì nípọn débi pé bí omi bá ń fà, ńṣe ló ń já ṣòòròṣò láàárín wọn, ó sì ń da ọkọ̀ dé. Àwọn atukọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ omi kí wọ́n tó gbéra. Ohun tó fún Elizabeth, àbúrò Ọbabìnrin Mary, láyè ọjọ́ kan nìyẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1554, nígbà tí wọ́n wá mú un nítorí ọ̀tẹ̀ tí Thomas Wyatt dì mọ́ Mary, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n òun. Kó tó kọ ọ́ tán, omi ti yí padà. Ìrìn àjò di ọjọ́ kejì. Lẹ́tà náà ṣì wà títí dòní. Ó fa ìlà gbọọrọ sí àyè tó ṣófo lójú ewé tó gbẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi fi ọ̀rọ̀ kún un. Ẹni tó mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń mú ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún bọ̀ láti kóòtù, wọ́n máa ń gbé àáké dání. Bí ojú àáké bá kọ sí ẹlẹ́wọ̀n, ikú ni wọ́n dá fún un. Àwọn tó dúró ní èbúté kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Thomas More, tó ti fìgbà kan jẹ́ ìjòyè àgbà fún Ọba Henry Kẹjọ, padà ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, 1535. Margaret ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń dúró dè é níbẹ̀. Ó já gba àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ tó gbé ọ̀kọ̀ dání, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó kúrò díẹ̀, ó tún sáré padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà ni wọ́n bẹ́ More lórí.

Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́wọ̀n olókìkí ló gba ibẹ̀ wọlé o. Wọ́n máa ń sọ pé ibẹ̀ ni Anne Boleyn, ìyàwó Ọba Henry Kẹjọ, gbà ní 1536, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tó tú ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹnubodè ilé ìṣọ́ Byward ni. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ wà lórí Elizabeth pẹ̀lú.

Ní 1843 wọ́n fa omi yàrà tó yí odi náà ká gbẹ. Wọ́n sì fi bíríkì dí ọ̀nà omi tó so ẹnubodè náà mọ́ odò, ọkọ̀ kankan kò lè gbabẹ̀ wọlé mọ́.