Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ òkè òkun fún àwọn olùtọ́jú tó jẹ́ ọmọ Fílípìnì

Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ òkè òkun ni ìwé tí ìjọba orílẹ̀-èdè Fílípìnì máa ń fún ọmọ ìlú rẹ̀ tó bá ń lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Overseas Employment Certificate ni orúkọ tí ìjọba fún un, ṣùgbọ́n OEC ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹni tó ti gba físà, tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì ti ń retí rẹ̀ ní Toronto tàbí ní Tel Aviv, kò ní kọjá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú Manila tàbí ti Cebu bí kò bá ní in. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olùtọ́jú gidigidi, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, aláìsàn, ọmọdé àti aláàbọ̀ ara, nítorí pé inú ilé onílé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pa ilẹ̀kùn dé, kò sí ojú ìjọba kankan tó máa rí bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n.

Iṣẹ́ kíà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Fílípìnì, ìjọba kì í dúró dìgbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi: wọ́n ní láti yẹ àdéhùn iṣẹ́ náà wò kí òṣìṣẹ́ tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Òfin Iṣẹ́ tí Ààrẹ Ferdinand Marcos gbé jáde ní 1974 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ kò tó nílé nígbà náà, bẹ́ẹ̀ owó epo ń ya wọlé fún àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ́lé, tí yóò bá wọn la títì. Abala 18 nínú òfin náà sọ pé agbanisíṣẹ́ òkèèrè kò gbọ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ mú ọmọ Fílípìnì síṣẹ́. Ó ní láti gba ọwọ́ ìjọba tàbí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Blas Ople ni mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásìkò yẹn. Ní 1982, wọ́n pa ọ́fíìsì mẹ́ta pọ̀ di POEA, àjọ tí ọ̀rọ̀ OEC wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ikú Flor Contemplacion ló yí nǹkan padà. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ní Singapore. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá a lẹ́bi pé ó pa ọmọ-ọ̀dọ̀ mìíràn tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ àti ọmọdékùnrin kan, wọ́n sì yẹgi fún un ní oṣù Kẹta 1995. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé kò gbà pé ó jẹ̀bi. Wọ́n tú síta, wọ́n sì bi ìjọba léèrè ohun tó ṣe láti gbà á sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Òfin 8042 ti jáde, èyí tó sọ pé ìlú tí wọ́n bá ti ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àlejò nìkan ni kí ìjọba máa jẹ́ kí ọmọ Fílípìnì lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n tún un ṣe ní 2010. Ní oṣù Kejìlá 2021, Ààrẹ Rodrigo Duterte fọwọ́ sí Òfin 11641, tó dá odindi ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ òkè òkun, ìyẹn DMW, POEA sì wọ inú rẹ̀. Susan Ople, ọmọ Blas Ople, ni olórí rẹ̀ láti 2022 títí ó fi kú ní oṣù Kẹjọ 2023. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Mandaluyong, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà EDSA, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́.

Ọ̀nà tí olùtọ́jú ń gbà rí i gbà

Ìlú tí olùtọ́jú ń lọ ni ìwé náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Manila. Àdéhùn iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ fọwọ́ sí á kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ aṣojú Fílípìnì níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MWO báyìí, tí ó ń jẹ́ POLO tẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn á wò ó bóyá owó oṣù tó iye tí òfin ìlú náà sọ, bóyá ọjọ́ ìsinmi wà nínú rẹ̀, ta ni yóò san owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, àti ta ni yóò gbé òkú wálé bí ó bá ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sí i ni ilé-iṣẹ́ tó bá a wáṣẹ́ tó lè gbé ìwé náà lọ sí Manila.

Òṣìṣẹ́ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Olùtọ́jú sábà máa ń gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́dọ̀ TESDA, àjọ ìjọba tó ń dánni wò lórí iṣẹ́ ọwọ́. Ó máa lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn tí ìjọba fọwọ́ sí, ó máa jókòó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ìrìn-àjò tí wọ́n ń pè ní PDOS, ó sì máa san dọ́là 25 sínú àpò OWWA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àlàáfíà àwọn òṣìṣẹ́ òkè òkun, tí yóò mú un jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún méjì. Àpò yìí ni wọ́n fi ń ran òṣìṣẹ́ tó kó sí wàhálà lọ́wọ́ láti padà wálé. Ilé-iṣẹ́ tó bá a wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra ìwé adójútòfò fún un pẹ̀lú: dọ́là 15,000 bí jàǹbá bá pa á, dọ́là 10,000 bí ikú àìsàn bá ni. Òfin 2010 ló sọ ọ́ di dandan, tí kò sì gbà kí wọ́n gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, pésò 100 péré ni owó OEC fúnra rẹ̀ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọgọ́ta ọjọ́ ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mú un lọ sí pápákọ̀ kò ní san owó orí ìrìn-àjò, tó jẹ́ pésò 1,620 fún arìnrìn-àjò lásán.

Ìdílé tó fẹ́ fúnra rẹ̀ mú ẹni tó mọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù nìyí, pàápàá ní Kánádà. Láti 1992 sí 2014, ìjọba Kánádà ní ètò tó ń mú olùtọ́jú wá gbé inú ilé ẹni tó gbà á síṣẹ́, kí ó sì gba ìwé ìgbélùú lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tó iye àkókò tí wọ́n dá; ọmọ Fílípìnì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdílé kan lè ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́, bóyá àbúrò olùtọ́jú tó wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Kánádà lè ti fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Abala 18 ṣì wà níbẹ̀: àwọn aṣojú ìjọba àti àjọ àgbáyé ni òfin náà dárúkọ pé ó yọ sílẹ̀, àwọn yòókù ní láti tọrọ àyè. Ẹni tí wọn kò bá fún ní àyè gbọ́dọ̀ wá ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ tí yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, kí ó sì san owó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá a wá. Ó ń dun àwọn ìdílé, ẹ̀dùn ọkàn wọn sì máa ń di ìbínú sí ìjọba Manila. Ohun tí ìjọba ń wá ni ẹni tó wà nítòsí tí yóò dáhùn bí àdéhùn bá já.

Ẹni tó ń padà síṣẹ́

Balik-Manggagawa ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ tó wá sílé fún ìsinmi tó sì ń padà. Bí ó bá ń padà sọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà ní ibi kan náà, ó lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì gba nọ́ńbà tó yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà. Bí ó bá ti pààrọ̀ agbanisíṣẹ́, àdéhùn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ MWO. Àwọn tó ti Hong Kong bọ́ sí Kánádà láì gba Manila kọjá ni èyí máa ń mú lójijì: wọ́n wá sìnkú òbí, wọ́n wá rí i pé ìwé tí wọn kò gbà nígbà tí wọ́n ń lọ ti di ohun tí wọn kò lè padà láìní. Ẹni tó bá ti di olùgbé Kánádà títí láé kò nílò OEC mọ́.

Àríyànjiyàn

Òfin ìpìlẹ̀ 1987 fún ọmọ Fílípìnì ní ẹ̀tọ́ láti rìnrìn àjò, àwọn kan sì rí OEC bí ẹnu-ọ̀nà tí kò yẹ kí ó wà. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń fi físà àbẹ̀wò jáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n náà sì ń dá ẹni tí wọ́n bá fura sí padà. Òfin tuntun tí yóò mú kí àyẹ̀wò pápákọ̀ le sí i yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Àwọn sẹ́nétọ̀ fárígá, wọ́n sì dá a dúró.

Ìwé náà tún jẹ́ ohun tí ìjọba fi ń bá ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejì 2018, wọ́n rí òkú ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Fílípìnì nínú fírísà ní Kuwait. Manila kàn dá OEC tuntun fún ìlú náà dúró ni. Ní oṣù Karùn-ún, Kuwait fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ̀dọ̀ gba páàsìpọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ pamọ́, Manila sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìdádúró náà. Ní ọdún 2018 yẹn ni Ísírẹ́lì àti Fílípìnì fi ẹnu kò pé kí ìjọba méjèèjì máa fúnra wọn mú olùtọ́jú, torí owó ńlá tí àwọn alágbàtà ti ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá dé ibẹ̀

Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé àdéhùn mìíràn tó kéré síwájú olùtọ́jú nígbà tó bá dé. Òfin 8042 ka pípààrọ̀ àdéhùn tí ìjọba ti fọwọ́ sí sí ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó wúlò jù nínú òfin náà ni pé ilé-iṣẹ́ tó wà ní Manila àti agbanisíṣẹ́ tó wà lókèèrè jọ jẹ gbèsè náà ni: bí ọ̀gá Taiwan tàbí ti Ísírẹ́lì kò bá san owó, olùtọ́jú lè pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ nílé, kí ó sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò gba ọ̀nà Dubai jáde kò sábà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti dì mú.

Àwọn tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́ ti gbìyànjú láti dín gbèsè yìí kù. Gbólóhùn kan wà nínú òfin 1995 tó lè mú kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé láìnídìí gba owó oṣù mẹ́ta péré fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó kù nínú àdéhùn rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e ní 2009. Àwọn aṣòfin dá a padà ní 2010, ilé ẹjọ́ náà sì tún fagi lé e ní 2014, kí òṣìṣẹ́ lè gba owó gbogbo oṣù tó kù nínú àdéhùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní OEC.